Ohun Tí Ń Jẹ Igi Nínú Yàrá Bàbá

Ìyàwó ọmọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ ọ́, ó sì sọ ọ́ bí ẹni tí ń sọ ohun tí kò ṣe pàtàkì. Ó ń nu tábìlì lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀. Káfíńtà àgbà jókòó síbẹ̀, ó ń fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tó ti ń ro ó láti ìgbà tó ti jí.

"Bàbá, nǹkan kan máa ń dún nínú yàrá yín lóru."

"Nǹkan bí irú kí ni?"

"Ó dà bí ìgbà tí nǹkan bá ń jẹ igi. Á dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, á dákẹ́, á tún bẹ̀rẹ̀. Èmi àti ọmọ yín ń gbọ́ ọ láti yàrá tiwa."

Káfíńtà gbé ọwọ́ kúrò lẹ́rẹ̀kẹ́. Ibùsùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Òun fúnra rẹ̀ ló kàn án nígbà tó ń múra láti gbé ìyàwó. Igi líle ni, ó sì ti gbẹ dáadáa kó tó fi ayùn kàn án. Kò sí ìṣó kan nínú rẹ̀: ẹnu igi ló wọnú igi, nọ́ọ̀tì irin ló sì di àwọn igun rẹ̀ mú. Orí rẹ̀ ni ìyàwó rẹ̀ sùn títí ó fi di èrò ilé ìwòsàn, tí ilé ìwòsàn kò sì dá a padà. Láti ìgbà náà, ẹ̀bá ògiri, tó jẹ́ apá tirẹ̀, ni káfíńtà ń sùn. Kì í na ẹsẹ̀ kọjá sí apá kejì.

"Kò sí kòkòrò nínú ibùsùn mi," ó ní.

"Mi ò ní kòkòrò ni, Bàbá." Ojú kan náà ló ń nù ṣáá lórí tábìlì. "Mo kàn ní bóyá ká wá ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀ kó bá wa wò ó."

"Ẹni tó mọ̀ nípa igi jù mí lọ?"

Ìyàwó ká aṣọ ìnutábìlì, ó wọ ilé ìdáná lọ. Káfíńtà kíyè sí i pé kò fèsì, ó sì fi èyí pa mọ́ sínú.

Ilé rẹ̀ ni ilé náà. Lẹ́yìn ìsìnkú ni ọmọ rẹ̀ ọkùnrin kó wá pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, wọ́n ní àgbà kì í dá gbé. Yàrá kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀ ni wọ́n wọ̀, pẹ̀lú gbogbo ẹrù wọn. Wọn kò ráhùn. Àìráhùn yẹn gan-an ló ń kọ ọ́ lóminú. Ẹni tí ibi há mọ́ tí kò ráhùn, ó ní ibi tójú rẹ̀ wà.

Ó wọ yàrá, ó kúnlẹ̀, ó fi ìka kan ẹsẹ̀ ibùsùn, ó sì fi etí lé e. Igi tí kòkòrò ti jẹ máa ń dún bí àpótí òfìfo. Èyí dún bí òkúta. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí abẹ́ rẹ̀. Kò rí ihò tó tó orí abẹ́rẹ́. Kò rí lẹ́búlẹ́bú igi nílẹ̀, bẹ́ẹ̀ kòkòrò kì í jẹun kó má da èérún sílẹ̀. Bí kò bá sí èérún, kò sí kòkòrò. Bí kò bá sí kòkòrò, kí ni ìyàwó ọmọ rẹ̀ ń gbọ́?

Ó gbé ìbéèrè náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù.

Fóòmù ni wọ́n ń pe ọkùnrin tó ń rán tìmùtìmù àga nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Orúkọ náà bá a mu: ó sanra, ó rọ̀, bí o bá tẹ̀ ẹ́ níhìn-ín, á yọ lọ́hùn-ún.

"Káfíńtà, ta ló gbá ẹ létí? Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ wú."

"Kò sẹ́ni tó gbá mi létí." Ìṣó ló wà láàárín eyín rẹ̀ bó ti ń sọ̀rọ̀, bó ṣe máa ń wà láti ìgbà tó ti kọ́ṣẹ́. Ó ń fà wọ́n yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kàn wọ́n mọ́ ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Láàárín ìṣó kan sí èkejì, ó sọ ọ̀rọ̀ náà.

Fóòmù fi sísọ́ọ̀sì tó fi ń gé aṣọ sílẹ̀. "Má gbọ́ ohun tí wọ́n sọ nìkan o. Gbọ́ èyí tí wọn ò sọ. Yàrá ẹ àti tiwọn, èwo ló tóbi?"

"Tèmi ni."

"Bẹ́ẹ̀dì yẹn, ṣé ó lè gba ẹnu ọ̀nà yàrá kékeré wọlé?"

"Kò lè gbà á."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Wọ́n á ní kòkòrò ti jẹ bẹ́ẹ̀dì, bẹ́ẹ̀dì á jáde. Bí bẹ́ẹ̀dì bá jáde tán, kí ni ọkùnrin kan ṣoṣo ń fi yàrá ńlá ṣe? Wọ́n á ní, Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ sí kékeré. Èmi ò sọ nǹkan kan o. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà."

"Ìwọ àti ẹnu ẹ."

"Ìfura loògùn àgbà," ni Fóòmù wí, ó sì tún mú sísọ́ọ̀sì rẹ̀.

Káfíńtà ní ọ̀rọ̀ rírùn ni. Ṣùgbọ́n ó gbé e délé.

Kò pẹ́ sí i ló jí láàárọ̀ ọjọ́ kan tí nǹkan líle wà lórí ahọ́n rẹ̀. Ó tu ú sí àtẹ́lẹwọ́. Ó funfun, kò tó ìdajì ẹyọ ìrẹsì, etí rẹ̀ sì mú. Ó fi ahọ́n wá eyín rẹ̀ yíká, ó bá ibi tí ọ̀kan ti kán lẹ́yìn lọ́hùn-ún. Ìrẹsì ni wọ́n jẹ lálẹ́ àná.

"Ìyàwó, òkúta wà nínú ìrẹsì àná."

"Háà, Bàbá! Mo ṣà á o."

"Ó ti kán mi léyín." Ó na àtẹ́lẹwọ́ sí i.

Obìnrin náà wo ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wò ó pẹ́ ju bó ṣe yẹ kí ènìyàn wo òkúta lọ. "Ó ń dùn yín? Ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà ńkọ́?"

"Mo ní òkúta wà nínú ìrẹsì."

"Ẹ má bínú, Bàbá."

Láti ọjọ́ náà, bó bá fẹ́ se ìrẹsì, á gbé atẹ́ wá sí pálọ̀, á jókòó níbi tí bàbá ọkọ rẹ̀ ti lè rí i, á máa ṣà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn náà tún kọ ọ́ lóminú. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ kì í fọ ọwọ́ lójú gbogbo ayé.

Ọjọ́ ìsinmi kan ló wá gbọ́ èyí tó burú jù. Ó ti ẹ̀yìnkùlé wọlé, bàtà rẹ̀ kò sì dún. Ohùn ọmọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbọ́ láti ilé ìdáná.

"Títí dìgbà wo la máa fi pa á mọ́ fún wọn?"

"Mo ti ṣèlérí," ni ìyàwó wí. "Jẹ́ kí n bá dókítà sọ̀rọ̀ ná."

Nígbà tí káfíńtà yọjú, ọmọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fọ àwo tó ti mọ́. Ìyàwó ní, "Bàbá, ẹ káàbọ̀," bí ẹni pé ó ti ìrìn àjò dé. Káfíńtà dáhùn, ó sì kọjá lọ jókòó. Eyín rẹ̀ ti di mọ́ra wọn débi tí iṣan etí rẹ̀ fi ń fò. Òun kò mọ̀ pé ó rí bẹ́ẹ̀.

"Dókítà wo?" ó bi Fóòmù ní ṣọ́ọ̀bù, lẹ́yìn tó ti ròyìn ohun tó gbọ́ fún un.

"Èwo ni kó jẹ́ bí kì í bá ṣe dókítà orí? Tí dókítà bá ti ní orí bàbá kò pé mọ́, kí ni bàbá tún lè sọ?"

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nínú káfíńtà nìyẹn. Wọ́n fẹ́ gba ibi tó kù tó ti ń bá ìyàwó rẹ̀ gbé, wọ́n sì fẹ́ fi irọ́ gbà á. Ṣùgbọ́n kò ní pariwo. Ó ti lo gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ nídìí pé kí ènìyàn wọn igi kó tó gé e. Bí wọ́n bá ní nǹkan ń jẹ igi nínú yàrá òun, òun yóò kó gbogbo igi kúrò nínú yàrá náà. Kí wọ́n wá sọ ohun tó ń dún lẹ́yìn náà. Ibẹ̀ ni irọ́ wọn yóò ti já.

Ó tú ibùsùn sí wẹ́wẹ́, ó tò ó sínú oòrùn ní ẹ̀yìnkùlé. Ó gbé àpótí ìjókòó jáde. Ó já fọ́tò ìyàwó rẹ̀ lára ògiri, ó yọ ọ́ kúrò nínú férémù igi, ó gbé férémù síta, ó sì fi fọ́tò lásán ti ògiri. Irin àti dígí ni fèrèsé; irin ni férémù ẹnu ọ̀nà. Àpótí páànù ni àpótí aṣọ. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ fi ti ibi iṣẹ́ dé, ó ti ń yọ ilẹ̀kùn.

"Bàbá! Ẹ ń fi ilẹ̀kùn ṣe kí ni?"

"Mò ń yọ ọ́."

"Ilẹ̀kùn náà ń dún ni?"

"Ìwọ lo ní etí. Wàá sọ fún mi lọ́la."

Ọmọ náà wo ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ wo ilẹ̀. Káfíńtà rí àwọn méjèèjì. Lálẹ́, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an, obìnrin náà ta aṣọ kan sí ẹnu ọ̀nà náà kí ẹnikẹ́ni má baà máa rí bàbá ọkọ rẹ̀ láti ìta. Káfíńtà mu kọfí dúdú rẹ̀, bó ti ń ṣe láti ìgbà tí kò ti sí ẹni tó ń pè é wá sùn mọ́, ó sì lọ dùbúlẹ̀ lórí tìmùtìmù tó tẹ́ sórí sìmẹ́ǹtì.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó gbé ẹsẹ̀ jáde, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ lu nǹkan kan lẹ́yìn aṣọ náà. Fóònù ni. Ó dojú délẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, iná kékeré kan ń ṣẹ́jú lára rẹ̀.

Ó gbé e lọ sí pálọ̀. Ó gbé e ka orí tábìlì, ó jókòó sẹ́yìn rẹ̀, ó sì pè wọ́n.

"Ta ló ni èyí?"

"Èmi ni, Bàbá." Ìyàwó ti wà lórí ìkúnlẹ̀.

"Kí ló ń ṣe lẹ́nu ọ̀nà mi?"

Ìyàwó wo ọkọ rẹ̀.

"Mo ní kí ló ń ṣe? Ẹ fẹ́ gbọ́ ohun tí mò ń sọ lójú oorun, kẹ́ ẹ lè gbé e tọ dókítà pé orí mi ti yí? Yàrá lẹ fẹ́. Ẹ sọ ọ́ lójú mi! Ibùsùn ìyá yín á kọ́kọ́ jáde, èmi á sì tẹ̀ lé e."

"Yàrá wo, Bàbá?" ọmọ rẹ̀ ní. "Ta ló béèrè yàrá? Ahọ́n àti eyín a máa jà, ṣùgbọ́n..."

"Má pòwe fún mi. Èmi ni mo fi kọ́ ọ."

Ọmọkùnrin náà yíjú sí ìyàwó rẹ̀. "Jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ."

"Mo ṣèlérí fún Ìyá."

"Ìyá ò ní bínú. Tàn án."

Obìnrin náà na ọwọ́, ó tẹ fóònù. Ìdákẹ́jẹ́ ló kọ́kọ́ jáde, pẹ̀lú ajá kan tó ń gbó lọ́nà jíjìn. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀. Kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, bí ìgbà tí ẹnìkan bá ń fi ayùn tí kò mú rẹ́ igi tútù. Ó dákẹ́. Ó tún bẹ̀rẹ̀, ó le ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó sì ha bí ìgbà tí igi méjì bá ń fi ara gbora.

Ohun tí káfíńtà kọ́kọ́ mọ̀ lára ni ìtura. Wọn kò purọ́. Nǹkan ń jẹ igi lóòótọ́.

"Ìgbà wo lo gbà á sílẹ̀?" ó béèrè.

"Lóru àná ni, Bàbá."

"Àná wo?"

"Àná yìí náà. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ sùn."

Káfíńtà bẹ̀rẹ̀ sí í yí yàrá náà ká nínú ọkàn rẹ̀ bí ẹni tí ń wá irin iṣẹ́ tó sọnù. Ibùsùn wà níta. Àpótí ìjókòó wà níta. Férémù wà níta, ilẹ̀kùn wà níta. Irin ni, dígí ni, páànù ni, sìmẹ́ǹtì ni. Òun fúnra rẹ̀ ló kó o jáde, kò sì fi ẹyọ kan sílẹ̀. Kò sí igi nínú yàrá náà tí ohunkóhun lè jẹ. Ohun kan ṣoṣo tó sùn sínú rẹ̀ lòun.

"Tún un tàn," ó ní.

Ó tún un tàn. Kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹnìkan wúkọ́ nínú fóònù, ohùn náà sì dúró. Káfíńtà mọ ikọ́ náà bí ó ti mọ orúkọ ara rẹ̀. Bí ikọ́ náà ti tán, eyín tún bẹ̀rẹ̀.

Ahọ́n rẹ̀ lọ sí ibi tí eyín ti kán. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́.

Káfíńtà ní, "Kí lo ṣèlérí fún un?"

"Pé mi ò ní sọ fún yín." Ìyàwó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. "Nígbà tí mo lọ tọ́jú wọn nílé ìwòsàn ni. Wọ́n ní, 'Bàbá yín máa ń pa eyín keke lójú oorun. Bẹ́ ẹ bá gbọ́ ọ, ẹ má jáyà, ẹ má sì sọ fún un, ojú á tì í. Àtẹ́lẹwọ́ ni mo máa ń gbé lé e lẹ́rẹ̀kẹ́, á sì dákẹ́.' Mo ní látìgbà wo? Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní látìgbà tí bẹ́ẹ̀dì yẹn ti wọlé ni."

Káfíńtà kò wo ojú ẹnikẹ́ni.

"Mo rò pé tí mo bá ní nǹkan ń dún, ẹ máa mọ̀," ni ìyàwó wí. "Mi ò lè la ẹnu sọ fún bàbá ọkọ mi pé eyín wọn ló ń dún. Ẹ̀yin wá lọ ń wá kòkòrò. Dókítà eyín ni mo fẹ́ gbé e fún kó gbọ́."

"Dìde," ó ní. "Dìde nílẹ̀."

Òun náà dìde, ó jáde lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn igi ibùsùn náà. Oòrùn kò tíì dé ara wọn. Ó gbé ọwọ́ lé pákó orí, níbi tí epo irun ìyàwó rẹ̀ ti sọ ọ́ dúdú, ó sì dúró bẹ́ẹ̀. Ọmọ rẹ̀ fẹ́ tẹ̀ lé e. Ìyàwó dì í lápá.

Dókítà eyín náà jẹ́ obìnrin kúkúrú tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Káfíńtà wo irin iṣẹ́ rẹ̀ bí oníṣẹ́ ṣe ń wo irin ẹlòmíràn. Wọ́n mọ́, wọ́n mú. Kò rí ẹ̀sùn kankan fi kàn wọ́n.

"Òkúta ló kán an," ó sọ fún un, nítorí pé kò fẹ́ fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

"Bàbá, òkúta kì í fá gbogbo eyín dọ́gba." Ó gbé dígí sí i lẹ́nu. Orí àwọn eyín ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ́jú pẹrẹsẹ, bí ibi tí ìfági ti kọjá. "Eyín ló ń fá eyín. Kí lẹ máa ń fi ẹnu mú níbi iṣẹ́?"

"Ìṣó. Pẹ́ńsù."

"Ẹ má fi ẹnu mú wọn mọ́. Kí lẹ máa ń mu lálẹ́?"

"Kọfí."

"Ẹ jẹ́ kó di ti àárọ̀. Ṣé nǹkan kan wà tó ń dà yín lọ́kàn rú?"

"Kò sí."

Ìyàwó, tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, gbé ojú sókè.

"Ìyàwó mi kú," ni káfíńtà wí.

Dókítà mi orí. Kò kẹ́dùn púpọ̀ jù, èyí sì tẹ́ káfíńtà lọ́rùn. Ó kọ́ ọ pé kí ó máa kíyè sí ẹnu rẹ̀ lójú mọmọ: kí ètè pàdé, ṣùgbọ́n kí eyín má pàdé, àyàfi tó bá ń jẹun. Ó ní kí ó máa fi aṣọ tí a rẹ sómi lílọ́wọ́ọ́wọ́ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ kó tó sùn. Ó mú ohun rírọ̀ kan bí amọ̀, ó ní kó gé e jẹ, ó sì fi gba àpẹẹrẹ eyín rẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà lọ, ó gbé ike tẹ́ẹ́rẹ́ kan fún un, tó bá eyín òkè rẹ̀ mu rẹ́gí.

Káfíńtà yí i lọ yí i bọ̀. "Èyí á wò ó sàn?"

"Rárá. Ó lè máà wò ó sàn. Ẹ ṣì lè máa pa eyín keke lójú oorun. Ike yìí á máa gba ìyà náà fún eyín ni."

Èsì yẹn ló jẹ́ kó gbà á gbọ́. Bí ó bá ń fi irin fún pákó méjì pọ̀ kí gọ́ọ̀mù tó gbẹ, kò jẹ́ fi irin kan igi rere. Á kọ́kọ́ fi àjákù pákó sáàárín, kí àjákù gba ojú àpá. Ó di ike náà mọ́ aṣọ ìnujú, ó fi í sápò.

Ní ṣọ́ọ̀bù, ó to ìṣó sínú agolo, ó fi pẹ́ńsù há etí.

"Ẹnu ẹ dà?" ni Fóòmù wí. "Ẹnu yẹn ni àpótí ìṣó wa láti ọjọ́ yìí!"

"Ó ti fẹ̀yìn tì."

"Àwọn ará ilé ńkọ́? Wọ́n ti gba yàrá?"

Káfíńtà wò ó. "Ìwọ ni dókítà orí yẹ kó wò." Fóòmù rẹ́rìn-ín títí ikùn rẹ̀ fi ń mì.

Ọjọ́ tí ó to ibùsùn náà padà, ìyàwó ló bá a di ìkangun pákó kejì mú. Kò mọ bí a ṣe ń dì í mú. Ó gbé e sókè jù. Káfíńtà ní, "Sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀. Síwájú sí i. Ó tó," ó sì di nọ́ọ̀tì. Ó gbé ilẹ̀kùn padà. Ó fi fọ́tò padà sínú férémù rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó bá ìyàwó nídìí tábìlì.

"Ó dún?"

"Kò fi bẹ́ẹ̀ dún, Bàbá."

Ó wò ó. Obìnrin náà ń nu ojú kan náà lórí tábìlì ṣáá, bí ó ti ṣe ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Káfíńtà mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí báyìí. Kì í ṣe irọ́, kì í sì ṣe òótọ́ tán; ọ̀wọ̀ ni, ọ̀wọ̀ ló sì fẹ́ pa gbogbo wọn tẹ́lẹ̀.

"Lálẹ́ òní, gbé fóònù yẹn wá fún mi," ó ní. "Mo fẹ́ fi etí ara mi gbọ́ ọ."

Nígbà tí alẹ́ lẹ́, ìyàwó gbé e wá. Ó fẹ́ gbé e sẹ́nu ọ̀nà níbi tó gbé e sí rí. Káfíńtà ní rárá. Ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó na ọwọ́ kọjá sí apá kejì ibùsùn tí kì í fọwọ́ kàn, ó sì gbé fóònù náà lé orí ìrọ̀rí ìyàwó rẹ̀.

"Ibí ni kó wà," ó ní. "Ibí lẹni tó ń gbọ́ ọ máa ń wà."